Bí a Ṣe Ń Dáàbò Bo Ọmọdé Lọ́wọ́ Májèlé Òjé

Òjé, irin rírọ̀ tí àwọn Òyìnbó ń pè ní lead, kì í rùn, kì í sì í yí àwọ̀ omi padà. Ọmọ tí ó ti wọ̀ lára lè máa ṣeré, kí ó máa jẹun, kí ó sì máa sùn bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, nígbà tí ọpọlọ rẹ̀ ti ń fara gba ìpalára tí ẹnikẹ́ni kò ní fura sí títí yóò fi dé ilé ẹ̀kọ́, tí ìwé kíkà yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣòro fún un. Ìdí nìyí tí a kò fi bẹ̀rẹ̀ ìtọ́sọ́nà yìí láti orí àmì àìsàn, nítorí ẹni tí ó bá ń dúró de àmì ti pẹ́ kí ó tó dìde. Iṣẹ́ tí ó wà níwájú òbí àti alágbàtọ́ ni láti wá ibi tí òjé ti ń wọlé sí ọmọ lára, kí wọ́n dí ibẹ̀ pa, kí wọ́n sì fi àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ dé. Ẹ lè tẹ̀lé àwọn ìgbésẹ̀ wọ̀nyí bí a ṣe tò wọ́n. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá ti gbé ohun tí a fi òjé ṣe mì, tàbí tí gìrì ń gbé e, tàbí tí ó ń bì léraléra tí kò sì dá ènìyàn mọ̀ mọ́, ẹ fi ìwé kíkà sílẹ̀, kí ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ mọ ohun tí òjé ń ṣe nínú ara ọmọ

Kò sí iṣẹ́ kankan tí ara ń fi òjé ṣe. Nígbà tí ó bá wọ inú ara, a máa fara wé kálísíọ̀mù, èròjà tí ń mú egungun le, ara a sì gbà á wọlé bí ẹni gba ọ̀rẹ́. Ẹ̀jẹ̀ yóò gbé e kiri dé ọpọlọ, ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín, ara yóò sì kó èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ pamọ́ sínú egungun àti eyín, níbi tí ó ti lè wà fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nínú òjé tí ọmọdé bá gbé mì, iye tí ara rẹ̀ ń fà mọ́ra tó ìlọ́po 4 sí 5 iye tí ara àgbàlagbà ń fà. Bẹ́ẹ̀ ọmọ tí ó ń rá tàbí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn ni ọwọ́ rẹ̀ kì í kúrò nílẹ̀, tí ọwọ́ náà kì í sì í pẹ́ kí ó tó dé ẹnu.

Òjé díẹ̀ ti tó láti dín agbára ọmọ kù láti fọkàn sí nǹkan, láti rántí ohun tí a kọ́ ọ, àti láti kó ara rẹ̀ níjàánu. Bí ó bá pọ̀ sí i, a máa fa àìtó ẹ̀jẹ̀, nítorí pé ó ń dí ara lọ́wọ́ láti ṣe èròjà tí ń mú kí ẹ̀jẹ̀ pupa. Inú a máa run ọmọ, ìgbẹ́ a máa le láti yà, oúnjẹ kì í wù ú mọ́, yóò sì máa kanra. Bí ó bá wá pọ̀ kọjá ààlà, ọpọlọ a wú, gìrì a dé, ọmọ lè dákú lọ gbári, ó sì lè kú. Ní ọdún 2010, ní Ìpínlẹ̀ Zamfara lórílẹ̀-èdè Nàìjíríà, àwọn ọmọ tí ó lé ní 400 ni wọ́n kú, nítorí pé òkúta góòlù tí àwọn ènìyàn ń lọ̀ nínú agbo ilé ní òjé púpọ̀ nínú, eruku rẹ̀ sì bo gbogbo ibi tí àwọn ọmọ ń ṣeré sí.

Àwọn onímọ̀ kò tíì rí iye òjé kan, bí ó ti wù kí ó kéré tó, tí a lè sọ pé kò léwu fún ọmọ. Ìpalára tí ó bá sì ti ṣe sí ọpọlọ kì í sábà ṣeé dá padà. Ní ọdún 2020, UNICEF àti àjọ Pure Earth gbé ìròyìn kan jáde pé nǹkan bí ọmọ 1 nínú 3 lágbàáyé, ìyẹn ọmọ tí iye wọn lè tó 800 mílíọ̀nù, ni òjé inú ẹ̀jẹ̀ wọn ti tó iye tí ó yẹ kí a gbé ìgbésẹ̀ lé lórí. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ilé tálákà nìkan, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ yẹ ilé àti àyíká wò láti ibi tí ojú ọmọ dé

Ẹ mú ìwé àti kálàmù, kí ẹ sì kúnlẹ̀. A kò fi èyí ṣe àwàdà: ohun tí ọmọ ń fọwọ́ kàn, tí ó sì ń lá, wà nísàlẹ̀ orúnkún àgbàlagbà, ẹni tí ó bá sì dúró nàró kò ní rí i. Ẹ kọ́kọ́ wo ọ̀dà tí a fi kun ògiri, ilẹ̀kùn, fèrèsé àti àkàsọ̀. Ibi tí igi méjì ti ń ha ara wọn, bí ojú fèrèsé tí a ń ṣí tí a ń pa, ni eruku ọ̀dà ti ń jáde jù, kódà bí ọ̀dà náà kò bá tíì bó. Amẹ́ríkà ti fòfin de ọ̀dà olójé nínú ilé gbígbé láti ọdún 1978, àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ṣe é lẹ́yìn náà, àwọn kan kò sì tíì ṣe é rárá. Nítorí náà, ọjọ́ orí ilé nìkan kò tó láti fi ọkàn ènìyàn balẹ̀. Bí ẹ kò bá mọ ohun tí ó wà nínú ọ̀dà kan, ẹ kà á sí olójé títí yàrá àyẹ̀wò yóò fi sọ nǹkan mìíràn. Bí ẹ bá sì fẹ́ ra ọ̀dà tuntun, ẹ wá èyí tí wọ́n kọ sí ara agolo rẹ̀ pé òjé inú rẹ̀ kò ju apá 90 lọ nínú mílíọ̀nù kan.

Lẹ́yìn ọ̀dà, ẹ bọ́ síta. Ṣé ibi tí wọ́n ti ń tú bátìrì ọkọ̀ àtijọ́ palẹ̀, tàbí tí wọ́n ti ń yọ́ irin, wà nítòsí? Nǹkan bí ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún òjé tí ayé ń lò lónìí ni ó ń lọ sínú bátìrì, títú u palẹ̀ láìbìkítà sì wà lára ohun tí ń ba ilẹ̀ jẹ́ jù lọ. Ṣé ojú títì tí ọkọ̀ ti ń kọjá láti ìgbà pípẹ́ ni ilé kọjú sí? Ní ọdún 2021 ni Àlgéríà, tí ó kẹ́yìn gbogbo orílẹ̀-èdè, dáwọ́ títa epo bẹntiróòlù olójé fún ọkọ̀ dúró, ṣùgbọ́n òjé kì í jẹrà: èyí tí èéfín ọkọ̀ dà sílẹ̀ láyé àtijọ́ ṣì wà nínú erùpẹ̀. Ẹ kọ gbogbo ohun tí ẹ bá rí sílẹ̀, nítorí pé dókítà yóò béèrè wọn nígbà tí a bá dé orí àyẹ̀wò.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ gbógun ti eruku

Bí àyè ìgbésẹ̀ kan ṣoṣo bá wà fún yín, èyí ni kí ẹ mú. Àwọn ènìyàn máa ń rò pé ọmọ gbọ́dọ̀ jẹ ègé ọ̀dà kí òjé tó wọ̀ ọ́ lára, ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ ilé, eruku tí kò hàn sí ojú ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà, láti ilẹ̀ bọ́ sí ọwọ́, láti ọwọ́ bọ́ sí ẹnu.

Ẹ má fi ìgbálẹ̀ gbá ilẹ̀ gbígbẹ, nítorí yóò kàn gbé eruku dìde ni, eruku náà yóò sì tún balẹ̀ sórí ibùsùn àti ohun ìṣeré. Omi ni kí ẹ lò. Ẹ pèsè garawa méjì, kí ẹ po ọṣẹ mọ́ omi inú ọ̀kan, kí ẹ sì fi omi lásán sí èkejì tí ẹ ó fi máa ṣan àkísà kí ẹ tó tún tì í bọ inú omi ọṣẹ. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti òkè wá sí ìsàlẹ̀: ojú fèrèsé ni kí ẹ kọ́kọ́ nù, kí ẹ tó bọ́ sórí tábìlì àti àga, kí ẹ sì fi ilẹ̀ ṣe ìkẹyìn, láti ìkángun yàrá wá sí ẹnu ọ̀nà. Ẹ pààrọ̀ omi ní kété tí ó bá ti dọ̀tí, kí ẹ dà á sínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀, kì í ṣe sí àgbàlá tí ọmọ ń ṣeré sí. Ẹ ṣe èyí ní ó kéré tán ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kí ẹ sì máa ṣe ojú fèrèsé àti ibi tí ọmọ ń ṣeré sí nígbà púpọ̀ sí i. Ẹ̀rọ iná tí ń fa ìdọ̀tí ilẹ̀ kò dára fún iṣẹ́ yìí àyàfi bí ó bá ní asẹ́ tí a ń pè ní HEPA, nítorí pé eruku òjé máa ń gba ẹ̀yìn ẹ̀rọ lásán jáde padà sínú afẹ́fẹ́.

Ọwọ́ ọmọ ni ó kàn. Ẹ fi ọṣẹ àti omi tí ń ṣàn fọ̀ ọ́ kí ó tó jẹun, kí ó tó sùn, àti nígbàkígbà tí ó bá ti òde wọlé. Oògùn ìnuwọ́ tí a kì í fi omi ṣàn lè pa kòkòrò, ṣùgbọ́n kò lè ṣí òjé kúrò lọ́wọ́. Ẹ gé èékánná rẹ̀ kí ó kúrú. Ẹ máa fọ ohun ìṣeré àti ohunkóhun tí ó ń mu lẹ́nu, kí ẹ má sì jẹ́ kí ó jẹ oúnjẹ tí ó bọ́ sílẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ni kí gbogbo ará ilé àti àlejò máa bọ́ bàtà sí. Bí erùpẹ̀ àgbàlá bá wà lásán, tí ẹ sì fura sí i, ẹ gbin koríko sí i, tàbí kí ẹ fi òkúta wẹ́wẹ́ tàbí èèpo igi bò ó, kí ẹ sì fún ọmọ ní àyè mìíràn láti gbẹ́ ilẹ̀ ṣeré, bí àpótí tí a kó yanrìn mímọ́ sí, tí ó sì ní ìdérí.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ má ṣe ha ọ̀dà àtijọ́ bí ó ti wù yín

Ọ̀dà olójé tí ó ṣì lẹ̀ mọ́ ara ògiri dáadáa, tí kò bó, tí a kì í sì í ha, ewu rẹ̀ kéré. Ẹ lè fi ọ̀dà tuntun bò ó, kí ẹ sì máa ṣọ́ ọ. Èyí tí ó bá ń bó ni kí ẹ tètè wá nǹkan ṣe sí. Ẹ gbé ibùsùn ọmọ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lónìí, kí ẹ fi omi nu ègé tí ó ti já sílẹ̀, kí ẹ sì lẹ nǹkan tí ó nípọn bo ojú ibẹ̀ títí àtúnṣe yóò fi dé.

Nígbà àtúnṣe gan-an ni ọ̀pọ̀ ọmọ ń kó májèlé náà, pàápàá nílé àwọn òbí tí wọ́n fẹ́ tún yàrá ṣe de ìkókó tuntun. Ẹ má fi iná jó ọ̀dà àtijọ́ kúrò, nítorí pé òjé yóò di èéfín tí ènìyàn ń fà símú. Ẹ má fi ẹ̀rọ tàbí pépà ìha-igi ha á ní gbígbẹ. Ẹni tí ó mọ iṣẹ́ náà ni kí ẹ pè. Yóò tẹ́ ọ̀rá sílẹ̀, yóò dí ẹnu ọ̀nà yàrá, yóò sì máa wọ́n omi sí ojú ibi tí ó ń ha. Ọmọdé àti aláboyún kò gbọ́dọ̀ sùn nínú ilé náà títí a ó fi ṣe ìmọ́tótó bí ti ìgbésẹ̀ 3. Bí ẹ bá ń gbé ilé onílé, ẹ kọ ìwé sí onílé nípa ọ̀dà tí ń bó, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ tọ́jú omi mímu

Òjé kì í sábà ti orísun omi wá. Inú páìpù olójé, òjé tí wọ́n fi lẹ páìpù pọ̀, àti ẹ̀rọ omi onídẹ ni omi ti ń bá a pàdé. Nígbà tí ìlú Flint ní Amẹ́ríkà yí orísun omi rẹ̀ padà ní ọdún 2014, wọn kò po èròjà tí kì í jẹ́ kí omi jẹ páìpù mọ́ ọn, òjé sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ wọ inú omi tí àwọn ará ìlú ń mu.

Bí omi bá ti dúró nínú páìpù fún wákàtí 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ jẹ́ kí ó ṣàn títí yóò fi tutù dáadáa kí ẹ tó bu mímu. Ẹ lè fi èyí tí ó kọ́kọ́ jáde fọlẹ̀. Omi tútù nìkan ni kí ẹ fi se oúnjẹ àti kí ẹ fi po wàrà ìkókó, nítorí pé omi gbígbóná inú páìpù máa ń yọ́ òjé púpọ̀ sí i. Síse omi kò lè pa òjé. Ohun tí síse ń ṣe ni kí omi dín kù, kí òjé sì ṣẹ́kù sínú ìyókù. Bí ẹ ó bá ra asẹ́ omi, ẹ wo ara rẹ̀ bóyá wọ́n kọ NSF/ANSI 53, ìyẹn àmì ìlànà tí wọ́n fi ń dán asẹ́ omi wò, àti pé ó ń mú òjé kúrò, kí ẹ sì máa pààrọ̀ inú rẹ̀ ní àkókò tí wọ́n dá.

Ìgbésẹ̀ 6: Ẹ má gbé òjé ti ibi iṣẹ́ wálé

Ẹni tí ó ń tún bátìrì tàbí rédíétọ̀ ṣe, tí ó ń yọ́ irin, tí ó ń ha ọ̀dà, tí ó ń lọ òkúta góòlù, tí ó ń tú ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán àti kọ̀ǹpútà àtijọ́ palẹ̀, tàbí tí ó ń yìnbọn níbi ìdánrawò, lè fi aṣọ, irun àti bàtà gbé eruku òjé wá bá ọmọ rẹ̀. Kí ó wẹ̀, kí ó sì pààrọ̀ aṣọ àti bàtà níbi iṣẹ́. Bí èyí kò bá ṣeé ṣe, kí ó ṣe é ní ẹnu ọ̀nà, kí ó tó gbé ọmọ. Ọ̀tọ̀ ni kí ẹ máa fọ aṣọ iṣẹ́, kì í ṣe pẹ̀lú ti ọmọ. Ẹ má ṣe yọ́ òjé tí a fi ń so ìdí àwọ̀n nínú ilé, ẹ má sì fi pákó tí a kun ní ọ̀dà dáná.

Ìgbésẹ̀ 7: Ẹ yẹ ohun èlò, ohun ọ̀ṣọ́ àti èròjà ọbẹ̀ wò

Abọ́ amọ̀ tí a fi ohun dídán kun lè ní òjé nínú ìdán rẹ̀, oúnjẹ kíkan a sì máa fà á jáde. Ẹ má fi irú abọ́ tí ẹ kò mọ bí wọ́n ṣe ṣe é tọ́jú oúnjẹ. Bákan náà ni ìkòkò tí àwọn kan rọ láti inú àdàlù irin àlòkù. Oríṣi tìróò kan wà tí ó jẹ́ pé òkúta òjé lílọ̀ gan-an ni, nítorí náà ẹ má ṣe lé tìróò sí ojú ìkókó, ẹ má sì fi sí ìdodo rẹ̀. Àwọn àgúnmu kan náà wà tí yàrá àyẹ̀wò ti bá òjé nínú wọn.

Èròjà ọbẹ̀ lílọ̀ tí àwọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀ jù yẹ ní fífura sí. Ní Bangladẹ́ṣì, àwọn olùwádìí rí i ní ọdún 2019 pé àwọn kan ń po àwọ̀ olójé mọ́ túmẹ́ríìkì, ìyẹn ata ilẹ̀ pupa, kí ó lè fa ojú oníbàárà. Ìjọba kìlọ̀, ó sì fìyà jẹ àwọn tí ọwọ́ tẹ̀. Nígbà tí ó fi di ọdún 2021, wọn kò bá a mọ́ nínú èyí tí wọ́n yẹ̀ wò lọ́jà. Ọ̀nà tí ó dára jù fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ni láti ra odidi èròjà, kí ó sì lọ̀ ọ́ fúnra rẹ̀.

Ní ti ohun ọ̀ṣọ́ irin olówó pọ́ọ́kú, ẹ má jẹ́ kí ọmọ kékeré wọ̀ ọ́ rárá. Ní ọdún 2006, ọmọ ọdún 4 kan ní Amẹ́ríkà kú lẹ́yìn tí ó gbé ohun ọ̀ṣọ́ olójé mì.

Ìgbésẹ̀ 8: Ẹ bọ́ ọmọ dáadáa

Inú òfìfo máa ń fa òjé wọlé ju inú tí oúnjẹ wà lọ, ara tí kálísíọ̀mù àti áyọ́ọ̀nù (èròjà irin tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀) kò sì tó sí nínú a máa fà á mọ́ra sí i. Ẹ jẹ́ kí ọmọ máa jẹun lásìkò, kí oúnjẹ rẹ̀ ní èròjà méjèèjì pẹ̀lú fítámì C. Ṣùgbọ́n kò sí oúnjẹ tí ń fọ òjé kúrò lára, ohunkóhun tí ẹni tí ń tajà ìbáà sọ.

Ìgbésẹ̀ 9: Ẹ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀

Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ nìkan ni ó lè sọ òtítọ́. Ti irun àti èékánná kò ṣeé gbára lé. Àkókò tí ó dára ni ìgbà tí ọmọ bá pé oṣù 12 àti oṣù 24, tàbí nígbàkígbà kí ó tó pé ọdún 6 bí ìgbésẹ̀ 2 bá ti fi ohun ìfura hàn. Aláboyún tí ó ń ṣiṣẹ́ òjé, tàbí tí ó ti bá a gbé nígbà èwe rẹ̀, náà yẹ kí ó sọ fún dókítà, nítorí pé òjé tí ó wà nínú egungun ìyá lè tú jáde nígbà oyún, kí ó sì gba ibi ọmọ kọjá sí ara ọlẹ̀.

Wọ́n lè gún ọmọ ní orí ìka. Ẹ rí i pé wọ́n fi ọṣẹ fọ ìka náà kí wọ́n tó gún un, torí pé eruku ara ìka lè mú kí èsì ga ju bí ó ti yẹ lọ. Bí èsì ìka bá ga, ẹ béèrè kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ láti inú iṣan apá kí wọ́n lè fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 10: Ẹ lo èsì náà

Máíkírógíráàmù nínú dẹ̀sílítà kan, ìyẹn nínú ìdá kan nínú mẹ́wàá lítà ẹ̀jẹ̀, ni wọ́n fi ń wọn òjé inú ẹ̀jẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, láti ọdún 2021, 3.5 ni iye tí CDC, àjọ ìjọba tí ń rí sí ìdènà àrùn níbẹ̀, fi ń mọ ọmọ tí òjé ara rẹ̀ ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní ọdún kan náà pé bí ó bá tó 5, kí a wá orísun rẹ̀, kí a sì mú un kúrò. Kò sí èyí tí ó túmọ̀ sí pé ohun tí ó wà nísàlẹ̀ wọn dára.

Bí èsì bá wà láàárín 3.5 sí 9, ẹ padà sórí àkọsílẹ̀ ìgbésẹ̀ 2, kí ẹ wá ohun tí ojú yín fò, kí ẹ sì tún àyẹ̀wò ṣe láàárín oṣù 3. Bí ó bá jẹ́ 10 sí 19, oṣù 1 sí 3 ni kí ẹ fi tún un ṣe. Bí ó bá jẹ́ 20 sí 44, kí ó má ju oṣù 1 lọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ áyọ́ọ̀nù inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, kí ẹ sì mú àwọn ọmọ yòókù inú ilé wá fún àyẹ̀wò, nítorí ilẹ̀ kan náà ni gbogbo wọn ń fọwọ́ kàn. Bí dókítà bá fura pé ọmọ gbé nǹkan mì, yóò ya àwòrán X-ray inú rẹ̀.

Bí ó bá tó 45, ọ̀rọ̀ pàjáwìrì ni. Oògùn wà tí ń so mọ́ òjé, tí ó sì ń gba inú ìtọ̀ gbé e jáde. Succimer jẹ́ ọ̀kan tí ọmọ lè gbé mì. Dókítà tí ó mọ̀ nípa májèlé ni kí ó fún un. Ẹ má rà á fúnra yín, ẹ má sì gbà kí ẹnikẹ́ni fi irú oògùn bẹ́ẹ̀ ṣe ìwẹ̀nù ara fún ọmọ, nítorí pé oríṣi EDTA kan, tí òun náà wà lára àwọn oògùn tí ń so mọ́ irin nínú ara, wà tí ó lè fa kálísíọ̀mù jáde nínú ẹ̀jẹ̀ débi pé ọkàn ọmọ yóò dúró. Oògùn náà kò sì wúlò fún ọmọ tí a tún dá padà sínú eruku kan náà. Ẹ wá ibòmíràn tí yóò máa gbé títí ilé yóò fi mọ́.

Lẹ́yìn tí a bá dí orísun rẹ̀, òjé inú ẹ̀jẹ̀ lè dín sí ìdajì láàárín nǹkan bí oṣù 1. Ṣùgbọ́n èyí tí ó ti wọ egungun yóò máa tú jáde díẹ̀díẹ̀, ó sì lè gba oṣù púpọ̀ tàbí ọdún kí èsì tó wálẹ̀ dáadáa fún ọmọ tí ó ti pẹ́ nínú rẹ̀. Ẹ má dáwọ́ àyẹ̀wò dúró nítorí pé ara ọmọ yá. Ẹ sọ fún ilé ìwòsàn kí wọ́n yẹ etí rẹ̀ wò, kí wọ́n sì máa wo bí ọ̀rọ̀ sísọ àti òye rẹ̀ ṣe ń dàgbà; nígbà tí ó bá sì wọ ilé ẹ̀kọ́, ẹ sọ ìtàn èsì ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fún olùkọ́ kí ó lè tètè ràn án lọ́wọ́, kí ó má ba à máa nà án ní ẹgba pé ó yọ̀lẹ.